Mọ́tò kan fún iṣẹ́, ọ̀nà jíjìn àti ìgbà òtútù: bí ẹ ṣe máa yan àlòkù tí kò ní já yín kulẹ̀ ní UK

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé UK ló máa ń ra mọ́tò kí wọ́n tó ronú ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n á rí jíìpù dísẹ́ẹ̀lì ńlá lórí fóònù, iye rẹ̀ á wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n á sanwó. Kò ní pẹ́ tí iná aláwọ̀ ọsàn á fi tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìnṣọ́ránsì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó mọ́tò. Bí wọ́n bá gbé e wọ London, wọ́n á máa san £12.50 lójúmọ́ torí èéfín rẹ̀. Gbogbo èyí ló ṣeé mọ̀ kí èèyàn tó kúrò nílé. Ẹni tó fẹ́ ra àlòkù kan ṣoṣo la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún: mọ́tò tó máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, tó máa kó ìdílé láti Leeds tàbí Aberdeen lọ sóde ní Peckham, tí kò sì ní kọṣẹ́ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Làísẹ́ǹsì tó ṣì bófin mu. Oṣù 12 péré ni làísẹ́ǹsì Nàìjíríà fi ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí ẹ di olùgbé UK ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ di ṣíárínì mú. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bá pààrọ̀ làísẹ́ǹsì, nítorí náà ẹ máa gba provisional (làísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́), ẹ ó sì ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá fi ọtomátíìkì ṣe ìdánwò kò gbọdọ̀ wa máníúwà. Ẹ rántí èyí kí ọkàn yín tó fà sí mọ́tò kankan.
- Owó tí ẹ ti pín sí méjì. Bí gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn owó ìnṣọ́ránsì bá jẹ́ £5,000, mọ́tò £4,200 ni kí ẹ máa wá. Ìyókù ni ti táyà, sáfíìsì, bátìrì àti táàsì (owó orí mọ́tò). Ìnṣọ́ránsì kò sí nínú £800 yẹn o.
- Owó ẹyọ 20p, tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn fóòtì bátìrì, àti ẹ̀rọ OBD tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti ka àṣìṣe ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wọn pọ̀ kò wọ́n.
- Aṣọ tó ṣeé fi dọ̀bálẹ̀ lórí kọ̀ǹkéré, torí ẹ máa wo abẹ́ mọ́tò.

1. Ẹ kọ ìrìn ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀

Fún ọjọ́ méje, ẹ máa kọ gbogbo ibi tí ẹ bá lọ: máìlì mélòó, ìdúró mélòó, èrò mélòó, inú ìlú ni àbí mótọ̀wéè. Ẹni tó ń tọ́jú àgbàlagbà láti ilé dé ilé lè má rìn ju máìlì 25 lọ lóòjọ́, ṣùgbọ́n yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò sì tún un tàn nígbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba M62 láti Leeds lọ sí Manchester ń rin bíi máìlì 90 ní àlọ àti àbọ̀ láìdúró. Irú mọ́tò kan náà kò lè bá àwọn méjèèjì mu, bí owó ọwọ́ wọn tiẹ̀ dọ́gba.

Ẹ tún kọ ibi tí mọ́tò máa sùn. Ṣé ojú títì ni àbí inú ọgbà? Ṣé òkè ni àdúgbò yín wà, níbi tí ọkọ̀ oníyọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kì í dé? Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ àwọn ìlú tí ẹ máa ń wọ̀. Gbogbo London ni ULEZ báyìí, láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023: agbègbè tí mọ́tò tí èéfín rẹ̀ kò bá òfin mu ti ń san owó ojúmọ́. Birmingham ń gba £8 lójúmọ́ lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín rẹ̀ kò bá òfin mu, Bristol ń gba £9. Ní Glasgow, Edinburgh, Dundee àti Aberdeen, kò sí pé ẹ san owó ojúmọ́ kí ẹ wọlé: mọ́tò tí kò bá òfin mu kò gbọdọ̀ wọ àárín ìlú rárá, owó ìtanràn sì bẹ̀rẹ̀ láti £60.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á ra mọ́tò elérò méje torí òde mẹ́rin lọ́dún, wọ́n á wá máa fi jó epo lọ síbi iṣẹ́ láwọn ọjọ́ yòókù. Ẹ jẹ́ kí ìrìn tó kún inú ọ̀sẹ̀ yín yan mọ́tò. Ti òde, ẹ lè háyà. Ẹ tún mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ elérò méje, bí èèyàn bá jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, búùtù tó kù kò lè gba ju báàgì kéékèèké lọ. Èrò méje pẹ̀lú kúlà àti àpótí aṣọ òkè kò ṣeé ṣe níbẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, bí àpẹẹrẹ, “Máìlì 30 lóòjọ́ nínú ìlú, ọmọ méjì lórí ìjókòó ọmọdé, London lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, ojú títì ló ń sùn.” Bí ẹ kò bá tíì lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣí ojú ìwé títa mọ́tò kankan.

2. Ẹ mú epo kí ẹ tó mú mọ́tò

Ibí yìí ni owó púpọ̀ jù ti ń ṣòfò, nítorí náà ẹ fara balẹ̀.

Dísẹ́ẹ̀lì. Dísẹ́ẹ̀lì òde òní ní asẹ́ èéfín kan tí wọ́n ń pè ní DPF. Ó ń gba eruku dúdú inú èéfín dúró, bí ó bá sì kún, mọ́tò á mú èéfín náà gbóná dé nǹkan bíi 600°C láti jó eruku yẹn dànù. Kó tó lè ṣe é láṣeyọrí, ó fẹ́ ìrìn tí kò dúró, bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20 lórí mótọ̀wéè. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé ní máìlì méjì ni, jíjó yẹn kò ní parí. Asẹ́ á dí, ẹ́ńjìnnì á sọ agbára nù, ẹ sì lè san ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn lórí mọ́tò tí kò ní àìsàn mìíràn. Bí mẹkáníìkì kan bá ní òun máa yọ DPF dànù fún yín, ẹ dágbére fún un: mọ́tò tí wọ́n yọ tirẹ̀ kò lè yege MOT, ìdánwò ọdọọdún tó ń sọ bóyá mọ́tò yẹ lójú títì. Dísẹ́ẹ̀lì dára fún ẹni tó wà lórí mótọ̀wéè lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀. Fún London, Euro 6 (ìpele òfin èéfín) ni kó jẹ́, èyí tó sábà túmọ̀ sí oṣù Kẹsàn-án 2015 sókè.

Pẹtiróòlù. Òun ló ní wàhálà tó kéré jù fún ẹni tí ìrìn rẹ̀ dàpọ̀. Euro 4 tó fún ULEZ, ọ̀pọ̀ mọ́tò pẹtiróòlù tó jáde láti ọdún 2006 ló sì wọ inú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí béélítì táímìnì wọn ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́ìlì, bíi 1.0 EcoBoost ti Ford àti 1.2 PureTech tó wà nínú Peugeot, Citroën àti Vauxhall kan. Bí ọ́ìlì bá pẹ́ jù tàbí kò jẹ́ irú èyí tí ìwé mọ́tò dárúkọ, béélítì á máa ṣí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà á dí asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á sì gbẹ. Kì í ṣe pé kí ẹ sá fún wọn pátápátá. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ rí rìsíìtì ọ́ìlì ọdọọdún. Bí kò bá sí rìsíìtì, kò sí ọjà.

Háíbírìdì. Fún ìrìn inú ìlú pẹ̀lú ìdúró púpọ̀, háíbírìdì Toyota ni yíyàn àkọ́kọ́: Yaris, Auris, Corolla, Prius. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ, bíréèkì rẹ̀ sì ń pẹ́ torí mọ́tò iná inú rẹ̀ ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ dídúró. Lórí mótọ̀wéè, àǹfààní epo rẹ̀ á dín kù. Ohun méjì ló wà láti mọ̀. Àwọn olè ń gé catalytic converter (ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́) Prius, Auris àti Honda Jazz lábẹ́, nítorí náà bí ojú títì ló ń sùn, ẹ ṣírò owó irin ààbò rẹ̀ mọ́ ọn. Èkejì, bátìrì 12V rẹ̀ kéré, bí mọ́tò bá jókòó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú òtútù, ó lè kú.

Oníná pátápátá. Bí ẹ bá ní ibi tí ẹ ti lè fi iná sí i nílé, ó dára gan-an fún ojoojúmọ́. Bí ẹ kò bá ní, iná ìta wọ́n: 20% ni VAT orí rẹ̀, nígbà tí ti ilé jẹ́ 5%. Òtútù sì máa ń gé máìlì rẹ̀ kúrú, torí inú bátìrì kan náà ni hítà ti ń jẹun.

3. Ẹ yan ìwọ̀n àti irú rẹ̀

Fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń rin inú ìlú, Honda Jazz tàbí Yaris ti tó. Ìjókòó ẹ̀yìn Jazz ń dìde sókè bíi ti sinimá, ẹ lè gbé fìríìjì kékeré dúró síbẹ̀. Fún ìdílé tó ń rìn jìnnà, ẹ wo èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí wọ́n ń pè ní estate: Corolla Touring Sports, Auris Touring Sports, Skoda Octavia, Kia Ceed Sportswagon. Búùtù Octavia estate tó jáde láàárín 2013 sí 2020 jẹ́ lítà 610, ọ̀pọ̀ jíìpù tó ga jù ú lọ ni kò ní tó bẹ́ẹ̀. Kia máa ń fún mọ́tò tuntun rẹ̀ ní wáráńtì ọdún 7 tàbí máìlì 100,000, ó sì ń tẹ̀ lé mọ́tò dé ọwọ́ ẹni tó rà á, tí sáfíìsì rẹ̀ bá pé.

Nípa jíìpù àti òjò dídì: táyà mẹ́rin tó ń fa lẹ́ẹ̀kan náà máa ń jẹ́ kí mọ́tò gbéra, kó gun òkè. Kò ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Ẹni tó ní jíìpù lórí táyà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń yára kọjá lára àwọn ẹlòmíì ní òkè, òun ni ẹ sì máa ń bá nínú kòtò ní ìsàlẹ̀. Mọ́tò kékeré lórí táyà tó bá òtútù mu ló sàn jù fún ọ̀pọ̀ jù lọ àdúgbò ní UK. Bí ẹ bá ń gbé ní òkè Scotland tàbí abúlé tí ọkọ̀ oníyọ̀ kì í dé, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀.

Ohun tí ọ̀nà jíjìn ń béèrè kì í hàn nínú àwòrán. Ẹ́ńjìnnì lítà kan tí kò ní jíà kẹfà máa ń ké lórí mótọ̀wéè, etí á sì rẹ yín kí ẹ tó dé Birmingham. Ẹ wá jíà 6, cruise control (tó ń di eré mú fúnra rẹ̀), àti ìjókòó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé gbé sókè sódò. Ẹ bi wọ́n bóyá táyà ìpààrọ̀ wà nínú búùtù; ọ̀pọ̀ mọ́tò kò ní ju ike gọ́ọ̀mù kan lọ, gọ́ọ̀mù náà kò sì lè dí táyà tó fàya lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó sórí ìjókòó ọmọdé títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí ga tó sẹ̀ńtímítà 135. Bí ẹ bá ní ọmọ mẹ́ta lórí irú ìjókòó yìí, ẹ gbé ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síbi tí ẹ ti ń wo mọ́tò, kí ẹ tò wọ́n sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ní ó ń gba èèyàn márùn-ún kò lè gbà wọ́n.

4. Ìnṣọ́ránsì ṣáájú, mọ́tò lẹ́yìn

Ẹ mú nọ́ńbà mọ́tò tí ẹ ń wò, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì ìṣírò ìnṣọ́ránsì kí ẹ tó pe ẹni tó ń tà á. Wọ́n pín mọ́tò sí ẹgbẹ́ 1 dé 50. Bí nọ́ńbà ẹgbẹ́ ṣe ń ga ni owó ń ga. Làísẹ́ǹsì òkèèrè ń fi kún un, àìní ọdún tí ẹ ti wakọ̀ láìgba owó lọ́wọ́ wọn ń fi kún un, àdúgbò yín náà ń fi kún un. Ẹ dán mọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò pẹ̀lú àdírẹ́sì kan náà, ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ lè ju ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lọ. Ẹ má sì rò pé third party, tó ń sanwó fún ẹlòmíì nìkan, ló máa dínwó jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, comprehensive, tó bo mọ́tò tiyín náà, ló ń kéré.

Ẹ sọ òtítọ́ nípa ohun tí ẹ máa fi mọ́tò ṣe. Ibí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ilé ti ń ṣìnà jù. “Commuting” túmọ̀ sí láti ilé lọ sí ibi iṣẹ́ kan tí kì í yí padà. Bí ẹ bá ń lọ láti ilé oníbàárà kan sí òmíràn, business use ni ẹ nílò. Bí ẹ bá ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà lálẹ́, hire and reward ni, òmíràn pátápátá. Ìnṣọ́ránsì tí kò bá iṣẹ́ mu, bí ẹni pé kò sí ni lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ fi orúkọ ẹ̀gbọ́n yín tó ti pẹ́ níbí ṣe awakọ̀ àgbà, nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń wà á lójoojúmọ́: fronting ni wọ́n ń pè é, jìbìtì sì ni lójú òfin.

Àyẹ̀wò: owó ìnṣọ́ránsì ọdún kan pẹ̀lú owó mọ́tò kò ju ohun tí ẹ ní lọ. Bí ó bá jù, ẹ yí mọ́tò padà, ẹ má yí ọ̀rọ̀ padà.

5. Ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ wádìí rẹ̀ látorí àga yín

Ọ̀fẹ́ ni ìtàn MOT lórí gov.uk. Ẹ ó rí máìlì tó wà lórí rẹ̀ ní ìdánwò kọ̀ọ̀kan, ohun tó fi kùnà, àti ìkìlọ̀ tí wọ́n ń pè ní advisory. Ẹ ka máìlì náà láti ìsàlẹ̀ sókè. Bí ó bá jẹ́ 61,000 ní 2019, 74,000 ní 2020, tó wá di 58,000 ní 2021, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ẹ wá ọ̀rọ̀ “corroded”. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ló ń jẹ irin abẹ́ mọ́tò, pàápàá mọ́tò tó dàgbà sí Scotland àti etí òkun. Páìpù bíréèkì tó dógùn-ún ṣeé pààrọ̀. Férémù tí ìpẹtà ti jẹ dé ibi tí ẹsẹ̀ táyà so mọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ tún wò bóyá ìkìlọ̀ kan náà ń jáde lọ́dọọdún: ìyẹn ni pé olówó rẹ̀ kì í tún nǹkan ṣe àfi tí wọ́n bá fi ipá mú un.

Ẹ sanwó fún àyẹ̀wò ìtàn mọ́tò tó ń fi gbèsè hàn. Bí gbèsè tí wọ́n fi ra mọ́tò náà bá ṣì wà lórí rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó yá wọn lówó ló sábà máa ń ni ín títí gbèsè yóò fi tán, kì í ṣe ẹni tó ń tà á. Àyẹ̀wò náà yóò tún sọ bóyá ìnṣọ́ránsì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ rí. Cat N túmọ̀ sí pé egungun mọ́tò kò bàjẹ́, Cat S túmọ̀ sí pé egungun rẹ̀ bàjẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe. Cat N tí wọ́n tún ṣe dáadáa, tí iye rẹ̀ sì wálẹ̀ gidigidi, kò burú. Cat S, àfi tí ẹ bá ní ẹni tó mọ iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì tó máa bá yín wò ó. Ìkànnì Transport for London ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá ó bá ULEZ mu.

6. Ẹ wò ó nígbà tó tutù

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá dé, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, ẹ béèrè ìdí, kí ẹ sì dúró kó tutù tàbí kí ẹ padà. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná ń fi àìsàn pamọ́.

Pẹ̀lú ọ̀sán gangan lójú, kì í ṣe nínú òjò tàbí òkùnkùn:

- Ẹ fi owó 20p kì bọ eyín táyà. Bí ẹ bá rí etí òde owó náà, eyín yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ kù mọ́. 1.6mm ni òfin, ṣùgbọ́n fún òtútù, kó má dín sí 3mm. Táyà kan tí kò bá òfin mu lè fa ìtanràn tó tó £2,500 àti point mẹ́ta lórí làísẹ́ǹsì yín.
- Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Ohun funfun bíi mayonéésì lábẹ́ ìdérí lè jẹ́ ìrìn kúkúrú nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n bí kúláǹtì náà bá ń lọ sílẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fura sí.
- Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, àti ibi tí táyà ẹ̀yìn so mọ́. Ọ̀dà dúdú tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lórí irin àtijọ́ jẹ́ ìbéèrè, kì í ṣe ìdáhùn.
- Ẹ ka nọ́ńbà VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò) ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, kí ẹ fi wé èyí tó wà lórí V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò. Àdírẹ́sì orí V5C gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé tí ẹ dúró sí.
- Ẹ tan hítà dé òpin, kí ẹ tan A/C pẹ̀lú. Bí A/C kò bá tutù, wọ́n á ní “gáàsì ló tán”. A/C ló ń lé ìkúukùu kúrò lójú gíláàsì nígbà òtútù, nítorí náà kì í ṣe ohun ẹ̀ẹ̀rùn nìkan.

Ẹ jẹ́ kó tàn, kí ẹ dúró sẹ́yìn sàlẹ́ńsà. Èéfín búlúù: ó ń jẹ ọ́ìlì. Dúdú: epo tí kò jó tán. Funfun díẹ̀ ní òwúrọ̀ tútù kì í ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n funfun tó ń dà gùdẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tó ń rùn dídùn bíi ṣúgà, kúláǹtì ló ń jó. Ẹ kì ẹ̀rọ OBD bọ̀ ọ́. Bí kò bá sí àṣìṣe kankan tó wà nípamọ́, tí ẹ̀rọ náà sì sọ pé ọ̀pọ̀ ìdánwò inú kò tíì parí, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ni, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì.

7. Ẹ wà á tó bó ṣe yẹ

Yíyí àdúgbò ká fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó. Ìṣẹ́jú 30, pẹ̀lú inú ìlú àti ọ̀nà tó ń sáré, ìnṣọ́ránsì sì gbọ́dọ̀ wà lórí yín. Ẹ lè ra ti ọjọ́ kan. Fún máníúwà, ẹ wọ jíà kẹrin ní 30mph, kí ẹ tẹ accelerator mọ́lẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ké ṣùgbọ́n tí eré kò pọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán. Fún ọtomátíìkì, ẹ yí i láti D sí R ní ìdúró: ó gbọ́dọ̀ wọlé láìgbá yín nídìí. Lójú ọ̀nà tó ṣófo, ẹ tẹ bíréèkì gan-an ní 20mph. Bí mọ́tò bá fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Àyẹ̀wò: ẹ pa rédíò ní gbogbo ìrìn náà, iná ìkìlọ̀ gbogbo tàn nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì kú lẹ́yìn rẹ̀. Iná ẹ́ńjìnnì tí kò tàn rárá ní ìbẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀.

8. Owó àti ìwé

Lọ́dọ̀ oníṣòwò mọ́tò, Consumer Rights Act 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá mọ́tò tó ní àbùkù padà. Lọ́wọ́ ẹnìkan lásán, kò sí irú ààbò yẹn. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ohun tó kọ nípa mọ́tò náà jẹ́ òótọ́, nítorí náà ẹ fi àwòrán ìpolówó rẹ̀ pamọ́. Ẹ má fi owó ìdúró ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò tíì rí. Ẹ sanwó nígbà tí ẹ jọ wà, kí ẹ gba rìsíìtì, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì àti ègé aláwọ̀ ewé V5C/2. Ẹni tó tà á ló máa sọ fún DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe é lórí fóònù níwájú yín.

Táàsì kì í tẹ̀ lé mọ́tò. Bí ẹni tó tà á bá sọ pé “táàsì wà lórí rẹ̀ dé oṣù Kẹta”, tirẹ̀ ni, wọ́n á dá owó rẹ̀ padà fún un. Ẹ fi nọ́ńbà 12 orí ègé aláwọ̀ ewé náà san tiyín kí ẹ tó wà á kúrò níbẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín oṣù Kẹta 2001 sí oṣù Kẹta 2017 ń san gẹ́gẹ́ bí èéfín rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, nítorí náà méjì tó jọra lè ní táàsì tó yàtọ̀ gidigidi.

9. Ẹ múra rẹ̀ sílẹ̀ kí oṣù Kọkànlá tó dé

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó sí. Gọ́ọ̀mù ẹ̀ẹ̀rùn máa ń le nígbà tí òtútù bá ti wọ abẹ́ nǹkan bíi 7°C, kò sì ní di ilẹ̀ mú mọ́. All-season tó ní àmì òkè onígun mẹ́ta pẹ̀lú òdòdó yìnyín nínú rẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀ ibi ní UK, ẹ lè lò ó yíká ọdún. M+S nìkan láìsí àmì yẹn kò tó. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹni tó fi méjì sí iwájú láti ṣọ́ owó lò máa rí i pé ẹ̀yìn mọ́tò fẹ́ ṣíwájú òun nínú kọ́nà. Ọjọ́ orí táyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín kù bí òtútù ṣe ń pọ̀, nítorí náà ẹ máa wọ̀n ọ́ lóṣooṣù kí ẹ tó rìn, pẹ̀lú iye tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀.

Bátìrì: ẹ jẹ́ kí mọ́tò sùn mọ́jú, kí ẹ wọ̀n ọ́ láìtan án. 12.6V ti kún. 12.4V ṣì lè ṣe é. Bí ó bá wà ní 12.2V tàbí kó dín, ẹ fi ṣájà gbà á, bí ó bá tún sọ̀kalẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.8V sí 14.5V nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Mọ́tò tí wọ́n ṣe kó máa pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ níbi iná pupa (start-stop) nílò bátìrì irú EFB tàbí AGM. Bátìrì olówó kékeré tí wọ́n bá tà fún yín dípò rẹ̀ kò ní pẹ́.

Kúláǹtì: ẹ gbàgbé àṣà fífi omi lásán kún rédíétọ̀. Omi ń dì ní 0°C, ó ń fẹ̀ bó ṣe ń dì, ó sì lè ya irin ẹ́ńjìnnì. Antifreeze ìdajì, omi distilled ìdajì, ìyẹn á dáàbò bò ó dé nǹkan bíi -35°C. Ẹ ka ike rẹ̀ dáadáa, torí wọ́n ti pò omi mọ́ òmíràn tẹ́lẹ̀. Àwọ̀ kò sọ irú tó jẹ́. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé mọ́tò ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ má sì ṣí ìdérí nígbà tó gbóná.

Omi ìfọ gíláàsì náà ní irú ti òtútù. Ti omi ẹ̀rọ á dì nínú páìpù, pọ́ǹpù rẹ̀ á sì jó. Ẹ má da omi gbígbóná sójú gíláàsì, ó lè là pẹrẹpẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì tan mọ́tò sílẹ̀ kí ẹ padà wọlé lọ mu tíì: òfin kò gbà á lójú títì, bí olè bá sì gbé e lọ, ìnṣọ́ránsì lè kọ̀. Gbogbo gíláàsì ni kí ẹ gbọ́ yìnyín kúrò lójú rẹ̀, kì í ṣe ihò kékeré níwájú yín, kí ẹ sì gbá òjò dídì orí mọ́tò dànù kó má bàa ya lu ojú gíláàsì nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Nínú búùtù: ìgbọ́ yìnyín, bùláńkẹ́ẹ̀tì, tọ́ọ̀ṣì, ṣájà fóònù, omi, bíṣíkíìtì, ẹ̀wù tó ń dán lóru, ṣọ́bìrì kékeré. C-caution tí FRSC fi dandan mú lórí wa nílé kì í ṣe dandan níbí, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ lórí mótọ̀wéè rárá. Bí mọ́tò bá kọṣẹ́ níbẹ̀, ẹ tan iná ìkìlọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì (hazard), ẹ gba ilẹ̀kùn òsì jáde, kí ẹ kọjá sẹ́yìn irin ààbò.

Lórí yìnyín, Highway Code sọ pé ìdúró lè gba ọ̀nà tó tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ fi jíà kejì gbéra bí ó bá jẹ́ máníúwà, ẹ tẹ accelerator díẹ̀díẹ̀. Bí bíréèkì bá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì) ló ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, ẹ ṣe é ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan tí yìnyín bo ilẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ iṣẹ́: mọ́tò tàn ní ẹ̀ẹ̀kan, omi ìfọ gíláàsì tú jáde, hítà mú ojú gíláàsì mọ́ láàárín ìṣẹ́jú 10, kò sí iná ìkìlọ̀, afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bá iye ara ilẹ̀kùn mu. Èyí tó bá kùnà nínú wọn, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kí ẹ tún un ṣe.